Herbert Macaulay àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Lọ Kọ́ ní Òkè Òkun

Kò sí ọdún kan tí ń kọjá lọ tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó kì í béèrè ọ̀rọ̀ kan náà: ilé ẹ̀kọ́ wo ni kí a kọ̀wé sí ní òkè òkun, ẹ̀kọ́ wo ni kí a lọ kọ́ níbẹ̀, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti òní. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn olóògbé Herbert Macaulay ní ṣókí, nítorí ìgbésí ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kẹrin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí béèrè, èyíinì ni pé, bí a bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán, ta ni a ó fi ṣe iṣẹ́ fún?

A bí Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù November, ọdún 1864. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1878 ni bàbá rẹ̀ kú, nígbà tí ọmọ náà kò tí ì dàgbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ náà ni ó ti parí ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1881 ó wọ iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe títì àti ilé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí P.W.D.

Kí a rántí bí ilẹ̀ wa ti rí ní ìgbà náà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan ní Èkó. Ọdún 1934 ni a tó ṣí Yaba Higher College, ọdún 1948 sì ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ jinlẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fourah Bay ní Sàró, tàbí kí ó kọjá lọ sí ìlú Òyìnbó. Iṣẹ́ méjì ni ó sì ń fa ojú àwọn ọmọ Èkó jù lọ. Àwọn kan ń kọ́ ìṣègùn, gẹ́gẹ́ bí Dókítà Nathaniel King ti ṣe. Àwọn mìíràn ń kọ́ òfin, gẹ́gẹ́ bí Christopher Sàpárà Williams, ẹni tí ó di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1879.

Ọ̀nà tí Macaulay gbà yàtọ̀ sí ti àwọn wọ̀nyí. Ní oṣù July, ọdún 1890, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ Gómìnà, ìjọba fi owó tirẹ̀ rán an lọ sí ìlú Plymouth. Kì í ṣe yunifásítì ni ó lọ. Abẹ́ G. D. Bellamy, ọ̀gá sọ́fíyọ̀ àti ẹnjiníà omi ìlú náà, ni wọ́n fi í sí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀, bí a ti ń ya àwòrán ilẹ̀ sórí ìwé, àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò sì fi ayọ̀ du ara rẹ̀, nítorí ó kọ́ bí a ti ń ta fáólìnì pẹ̀lú.

Ní ọdún 1893 ó padà wá sí Èkó, ìjọba sì fi í ṣe sọ́fíyọ̀ tí ń wọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáradára. Láti ọdún 1861, nígbà tí Ọba Dòsùnmú ti fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àríyànjiyàn kò tán lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, tí ó ni ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò gbà pé ìwé náà gba ilẹ̀ àwọn baba wọn kúrò lọ́wọ́ wọn. Àárín ìjà yìí gan-an ni iṣẹ́ Macaulay wà. Ọdún márùn-ún ni ó lò nínú rẹ̀. Ní ọdún 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ń wọn ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ Plymouth ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè mìíràn. Ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Apápá, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ pé kí Olóyè gba owó gbogbo ilẹ̀ náà kò sí. Nígbà tí Olóyè Amodu Tijani Olúwa gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, Macaulay ni ó bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀. Àwọn lọ́yà ni ó ro ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ilẹ̀ Èkó lórí ìwé àti lábẹ́ ẹsẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóyè. Ní oṣù July, ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ àgbà ti ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre. Wọ́n sọ pé ìwé ọdún 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, àti pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí, tí olóyè ń bójú tó fún wọn. Owó tí ìjọba san tó £22,500.

Ayọ̀ náà kò wá lásán. Ọ̀pá àṣẹ Eléko Èṣùgbàyí ni Olúwa gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí Macaulay sì sọ níbẹ̀ nípa ipò Eléko bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Eléko kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní gbangba; nígbà tí kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ó tó padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn tí Macaulay kò fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀.

A kò ní sọ pé ọkùnrin yìí kò ní àbùkù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lọ sí ẹ̀wọ̀n, ní ọdún 1913 lórí ọ̀rọ̀ owó tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, àti ní ọdún 1928 lórí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ tẹ̀ jáde. Nítorí èyí, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1923 wọlé ìbò Èkó, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Síbẹ̀, nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù May, ọdún 1946, ẹni ọdún 81, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC, ìrìn àjò ẹgbẹ́ náà ni ó sì ti bá àìsàn pàdé ní Kánò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé sí àwọn yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè lónìí, ẹ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ sì ṣírò owó, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Macaulay kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olókìkí, owó tí ó fi kẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ìjọba rán an lọ nítorí àìní tirẹ̀; ó fi iṣẹ́ ọdún márùn-ún san án padà, lẹ́yìn náà ó fi ìmọ̀ náà gbèjà àwọn ará ilé rẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó yan ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè ohun tí ń dun ilé yín kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé ìbéèrè yín.