Ora Washington: Balógun Obìnrin Nínú Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n

Ní agbègbè Caroline, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni a ti bí Ora Washington ní ìparí àwọn ọdún 1890. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìbí ọmọ nígbà náà, nítorí náà kò sí ìwé ẹ̀rí tí a lè fi tọ́ka sí ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Ìdílé àgbẹ̀ ni ó ti jáde. Oko kò mú èrè tó nǹkan wá mọ́, òfin ìyàsọ́tọ̀ sì ń ni àwọn adúláwọ̀ lára ní gúúsù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kó lọ sí àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá. Báyìí ni Ora ṣe dé Germantown, àdúgbò kan ní Philadelphia.

Níbẹ̀, ní ọgbà ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kristẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀, ni ó ti kọ́ tẹ́níìsì. Kò pẹ́ tí ó fi di ọ̀gá. Láàrin ọdún 1929 sí 1937, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó gba ife ẹ̀yẹ obìnrin nínú ìdíje gbogboogbò tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀ fún ara wọn.

Ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni ó kàn. Ní sáà 1930 sí 1931, ó wà nínú ikọ̀ Germantown Hornets: ìdíje 23 ni wọ́n ṣe, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì pàdánù. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ikọ̀ tí Philadelphia Tribune, ìwé ìròyìn àwọn adúláwọ̀, ń gbé bùkátà rẹ̀. Àárín ni ipò rẹ̀. Òun ni balógun ikọ̀, nígbà tó yá ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lásìkò yìí, èrò ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé eré sísá púpọ̀ yóò pa obìnrin lára. Wọ́n fi ìlà pín pápá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá ìpín tirẹ̀. Ikọ̀ Tribune kò bẹ̀rù àtisáré yí gbogbo pápá ká bí ọkùnrin. Ní oṣù kẹta ọdún 1934, wọ́n rin ìrìn àjò lọ sí Greensboro, ní North Carolina, láti kojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Bennett College. Èrò tí ó lé ní 1,000 ni ó wá wòran ìdíje àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Tribune borí.

Gbogbo ògo yìí kò mú owó wá. Iṣẹ́ ilé ni Ora ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó lè jẹun. Ní àkókò kan náà, Helen Wills Moody, aláwọ̀ funfun, gba ife Wimbledon ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Àwọn méjèèjì kò pàdé lórí pápá rí, nítorí ẹgbẹ́ tẹ́níìsì àwọn aláwọ̀ funfun kò gba adúláwọ̀ láàyè. Ta ni ì bá borí? Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti Ora.

Ní ọdún 1947, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, òun àti George Stewart na Althea Gibson àti Walter Johnson nínú ìdíje takọtabo. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí fún Althea yìí kan náà. Ora ti fẹ̀yìn tì.

Ó papòdà ní Philadelphia ní ọdún 1971. Ní ọdún 1976, a yan orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ọlá àwọn adúláwọ̀ eléré ìdárayá. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti kú. Ní ọdún 2004, ìjọba Pennsylvania gbé àmì ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní Germantown. Gbọ̀ngàn ọlá Naismith ní Springfield, èyí tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, gbà á wọlé ní ọdún 2018.