Bàbá-Àgbà Àjàyí Crowther: Ọmọ tí ó Fún Ìyá Rẹ̀ Lórúkọ



Lọ́dọọdún, bí oṣù Júláì bá ti ń lọ sí òpin, Ìjọ Mímọ́ a máa ṣe àjọ̀dún Jóákímù Mímọ́ àti Ánà Mímọ́, àwọn òbí Màríà Wúńdíá, tí í ṣe bàbá-àgbà àti ìyá-àgbà Olúwa wa Jésù Kristi. Ní 2021 ni Póòpù Francis, tí ó ti di olóògbé báyìí, ya Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú oṣù náà sọ́tọ̀ fún àwọn bàbá-àgbà, àwọn ìyá-àgbà àti gbogbo arúgbó káàkiri ayé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ ronú lórí ìgbésí ayé bàbá-àgbà kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín, Samuel Àjàyí Crowther. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà. Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà ni. Ṣùgbọ́n ohun rere, níbi yòówù tí a bá ti rí i, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n sí bíṣọ́ọ̀bù àti olùtumọ̀ Bíbélì. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá àti bàbá-àgbà.

A bí i ní Òsogùn, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní àárín 1806 sí 1809. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, nítorí ọmọ tí ó bá dojúbolẹ̀ wáyé ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, ogun já wọ ìlú. Bàbá rẹ̀ sáré wá sí ilé láti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n sá, ó sì padà lọ bá àwọn ọ̀tá jà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́. Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ pé ogun mìíràn ni ó pa á. Àwọn akónilẹ́rú mú ọmọkùnrin náà, ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin 2, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ-ọwọ́, àti ìbátan wọn kan, wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ̀ pé irú ogun bẹ́ẹ̀ ni ó tú àwọn ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ká, tí ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí ìhà gúúsù, títí dé agbègbè Ìwó tiwa yìí.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn bí ẹrù. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn mọ́, a yí pàṣípààrọ̀ náà padà. Ní ìlú mìíràn ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé, ó sì ń rí i fún nǹkan bí oṣù 3, kí a tó tún gbé e lọ tà lójijì. Láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú lóru láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́. Ní Èkó, a tà á fún àwọn Potogí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Épírì 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni a sì ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825.

Ní Sàró kan náà ni ó ti rí Àsánò, ọmọbìnrin tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹrú gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀, tí a sì sọ ní Susan nígbà ìrìbọmi. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1829. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: kò sí bàbá tí yóò gba ìdána, kò sí ìyá tí yóò sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ, kò sí agbo-ilé tí a ó mú un wọ̀. Síbẹ̀ àwọn 2 yìí, tí ogun ti gba ilé lọ́wọ́ wọn, ni ó kọ́ ilé mìíràn. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọkùnrin 3 àti ọmọbìnrin 3, wọ́n sì wà papọ̀ títí Susan fi kú ní 1880, ó ju 50 ọdún lọ. Iṣẹ́ ọkọ gbé e rìnrìn àjò jìnnà, pàápàá sí Odò Ọya, fún oṣù púpọ̀. Obìnrin náà ni ó di ilé mú. Bí a bá ń yin bàbá, kí a má gbàgbé ẹni tí ó ń dáná nígbà tí bàbá kò sí nílé.

Ní 1843 ni a fi í jẹ oyè àlùfáà ní London. Ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Ògọ́sìtì 1846. Ọ̀sẹ̀ 3 kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21, tí ìyá rẹ̀ fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀, tí ó sì wá a wá pẹ̀lú ọmọkùnrin ẹbí wọn kan. Ọdún 25 ti kọjá. Ìwárìrì mú ìyá náà. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ ìfẹ́ pè é, èyí tí ìyá-àgbà rẹ̀ máa ń fi kẹ́ ẹ ní kékeré. Oko ẹrú ni ìyá-àgbà náà kú sí. Kò fi ilé sílẹ̀, kò fi owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí ó fi pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sọnù. Àjàyí mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìyá òun nìyí.

Nínú ẹ̀sìn àwọn bàbá rẹ̀ ni Àfàlá ti dàgbà. Kì í ṣe ní ọjọ́ kejì ìpàdé wọn ni ó di onígbàgbọ́. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́, ó sì wo ìwà ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Fẹ́búárì 1848, lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, ó gba ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá wòlíì Sámúẹ́lì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ọmọ ni a wò kí a tó sọ ìyá lórúkọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Hánà àti Ánà, orúkọ kan náà ni: orúkọ ìyá-àgbà Olúwa wa. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìyá yìí gbé lábẹ́ ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ títí ó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó rí àwọn ọmọ-ọmọ àti ọmọ wọn, ó sì kú ní 1883.

Èdè tí Àjàyí gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ tí gbogbo wa ń jẹ ní èrè. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, ó kó òwe àwọn àgbà jọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a lọ títí odindi Bíbélì fi wà ní èdè Yorùbá kí ó tó kú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù 1864, ọjọ́ àjọ̀dún Pétérù Mímọ́, ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún kan náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, ìyàwó Àlùfáà Thomas Babington Macaulay tí ó dá ilé-ìwé CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, bí ọmọkùnrin kan tí a sọ ní Herbert. Bàbá Herbert kú ní 1878, nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún 13. Ìyá rẹ̀ ṣì wà, bàbá-àgbà rẹ̀ sì ṣì wà. Ọmọ náà kò wọ aṣọ àlùfáà. Ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó sì di agbẹnusọ àwọn ará Èkó níwájú ìjọba àwọn òyìnbó. Ọ̀nà tí ọmọ-ọmọ gbà lè yàtọ̀ sí ti bàbá-àgbà, kí gbòǹgbò sì jẹ́ ọ̀kan.

Ìgbà ogbó bàbá yìí kò rọrùn. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, títí kan Dandeson, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Arúgbó tí ó ti lé ní 80 ọdún rí ìtìjú láti ọwọ́ àwọn tí ó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi ìkórìíra ṣe ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà 1891. Herbert wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹ̀kọ́. Kò sí níbẹ̀ láti bù yẹ̀pẹ̀ sí ibojì.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá-àgbà, àwọn ọmọ-ọmọ yín wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, àwọn mìíràn ní òkè òkun. Bí wọ́n bá wá sílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà láìgbọ́ oríkì wọn lẹ́nu yín, láìsì gbọ́ àdúrà yín. Ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò nílò rẹ̀ láti dá ilé mọ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ agbo-ilé wa, ẹ tọ́jú wọn bí Àjàyí ti tọ́jú Àfàlá. Ìwà yín ni ìwàásù tí wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ lọ jókòó tì wọ́n lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì ń dáhùn.

Kí Jóákímù Mímọ́ àti Ánà Mímọ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ilé wa, kí Ọlọ́run sì fún gbogbo àwọn òbí wa tí ó ti sùn ní ìsinmi ayérayé. Àmín.