Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá àti ìjọ tí ẹ̀rù ń bà

Ní apá ibi tí a wà yìí, láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, ó ṣòro kí ènìyàn wọ ìlú kan kó má rí pátákó Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CAC. Òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, òmíràn wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ ń kàwé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ wá lórúkọ. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ẹnì kan sọ ìtàn Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá, iṣẹ́ ìyanu nìkan ni yóò máa kà sílẹ̀ bí ẹni ń ka owó. Lójú tèmi, ibi tó le jù nínú ìtàn náà ni a máa ń fò: irú ìjọ tó wà nílẹ̀ kó tó dé, àti ohun tó ná an láti bá ìjọ náà wí.

Àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n sì di onígbàgbọ́ ní ìdálẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn Kristi wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa lẹ́yìn ogun Kírìjì. Wọn kò lówó, wọn kò lẹ́nìkan láàfin, ìyà sì jẹ wọ́n kí wọ́n tó rí ilẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1920, ayé ti yí. Onígbàgbọ́ ti di ọ̀làjú. Ọmọ ìjọ ló ń ráyè ní ilé ìwé, ọmọ tó mọ̀wé sì ni ìjọba ń gbà síṣẹ́. Ìjọ CMS wá kún fún àwọn tó ń wá orúkọ òyìnbó ju àwọn tó ń wá Ọlọ́run lọ. Ẹ má bínú sí mi, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Lábẹ́ agbádá ọjọ́ Ìsinmi ni oǹdè wà. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, bàbá ìjọ mọ ọ̀nà ilé babaláwo láìtan fìtílà. Kátíkíìsì mọ̀, àlùfáà náà mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ lórí pẹpẹ? Ẹni tí a ó bá wí ni ó ń san owó ìjọ.

Ẹ̀rù tó sì ń ba àwọn ènìyàn nígbà náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọ̀fìnkìn olóró ti 1918 pa ènìyàn lọ súà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1924 ni àrùn tí eku ń gbé kiri ti wọ ìlú Èkó. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dojú dé ní 1929, owó kòkó já wálẹ̀, ìjọba sì ń gba owó orí. Ìjọ tí ó ń kọ́ni ní kátíkísìmù kò ní èsì kankan fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ CMS ti wá èsì tiwọn. Lásìkò àjàkálẹ̀ 1918 ni wọ́n kóra jọ fún àdúrà, tí wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n pinnu pé àdúrà tó, àwọn kò ní í fẹnu kan òògùn mọ́, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ CMS. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìwé kíkọ bá ìjọ Faith Tabernacle tó wà ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni Babalọlá yóò wá bá.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 1904 ni wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, lẹ́bàá Ìlọ́fà, níbi tó di Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Dáfídì Rótìmí ni bàbá rẹ̀, Mátà Talabí ni ìyá. Bàbá ẹgbẹ́ ni Dáfídì nínú ìjọ CMS, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ náà dàgbà sí. Ìwé rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ kan ló gbé tó ti lọ sí ilé ìwé, ó ka ìwé kẹrin, ó fi í sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ PWD, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà. Nígbà náà, ọmọkùnrin tó bá ń wa rólà tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà ti dé ibi ire. Owó ń wọlé lóṣooṣù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, àwọn òbí ọmọbìnrin náà ń wò ó.

Ojú ọ̀nà tó ti Iléṣà wá sí Ìgbàrà-Òkè ló wà pẹ̀lú rólà rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1928. Ìgbàrà-Òkè kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó bá gba Ìgbàrà-Odò já láti Ìkẹ̀rẹ́ kò ní í pẹ́ débẹ̀. Bí ìjọ ṣe ń sọ ọ́, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò ti rí oorun sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítòsí Ìkéjì-Arákéjì, ẹ̀rọ náà kàn dúró. Kò sí ibi tó bàjẹ́ tí ó lè tọ́ka sí. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn kan tó pe orúkọ rẹ̀, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ máa wàásù káàkiri.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé kò sáré dáhùn. Ó lọ́ra. Ìpè náà ní láti tún wá, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ikú ni yóò jẹ́ èrè àìgbọràn, kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé akọni ni láti inú ìyá rẹ̀ ń fi nǹkan dù wá. Ẹ̀rù bà á bó ṣe ń ba gbogbo ìjọ, nítorí ó mọ ohun tí òun fẹ́ sọ nù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ló padà sí Odò-Ọwá, ní ọjọ́ ọjà, pẹ̀lú eérú àti èédú lára àti imọ̀ ọ̀pẹ lọ́rùn, tó ń ké pé kí ìlú ronú pìwà dà. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ bàbá ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àná. Àwọn ènìyàn ní orí rẹ̀ ti yí. Wọ́n mú un dé iwájú aláṣẹ òyìnbó, wọ́n sì tún tú u sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ CMS níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà mọ́jú, àwọn kan ń ríran. Ìjọ tí kò bá ẹni tó ń so oǹdè wí rí wá rí ẹnu sọ̀rọ̀: àwọn aláṣẹ ìjọ ní kí Babalọlá àti àwọn tó ń tẹ̀lé e jáde. Ariwo àdúrà ni wọn kò lè fara dà.

Àwọn ará Faith Tabernacle ló gbà á. Ní ìparí 1929 Pásítọ̀ Esinsinade rì í bọmi nínú ọ̀sà Èkó. Síbẹ̀ ìjọ tuntun yìí náà ti ń ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù keje 1930 àwọn olórí wọn, Odúbánjọ láti Èkó, Akínyẹlé láti Ìbàdàn, Esinsinade láti Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn mìíràn, pàdé ní Iléṣà láti parí ìjà lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lọ́wọ́ ni ariwo ti sọ níta. Àwọn ará ìjọ sọ pé òkú ọmọ kan ni wọ́n gbé dé, Babalọlá gbàdúrà, ọmọ náà sì dìde. Ìpàdé tú ká láìparí. Èmi kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e kò ní iyàn nínú: ọ̀pọ̀ ènìyàn tú dà sí Òkè-Oòye láti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, àní láti ọ̀nà jíjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìgò àti kèrègbè omi lọ́wọ́ kí ó lè gbàdúrà sí i. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ìlú náà ń ṣófo lọ́jọ́ Ìsinmi. Agogo ọwọ́ kan àti Bíbélì kan ni Babalọlá ń mú kiri. Ìwàásù rẹ̀ kò gùn. Ó ní kí wọ́n kó òògùn àti ère wọn wá, kí wọ́n jó wọn níná, kí wọ́n gbára lé Ọlọ́run nìkan.

Kò pẹ́ tó fi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ó tọrọ ilẹ̀ àdúrà, àwọn ìjòyè sì fún un ní igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ nítorí àwọn àǹjọ̀nú tí wọ́n gbà pé ó ń gbé ibẹ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò kú ni. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ibẹ̀, wọ́n ṣán an, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Igbó kan ṣoṣo yẹn ṣiṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ìwàásù lọ, nítorí ẹ̀rù igbó náà wà lára ọmọ ìjọ bó ṣe wà lára abọ̀rìṣà. Ọba Ẹ̀fọ̀n, Agúnsọyè Kejì, ṣe ìrìbọmi, ó di Sólómọ́nì. Ọba Arámọ́kọ náà tẹ̀ lé e, wọ́n pe é ní Hesekáyà.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí yìí. Ẹ̀fọ̀n tí iná ti ń jó ère yìí náà ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó wá di ti Ìsẹ̀, tó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, tó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́. Ìlẹ̀kùn náà ti lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, inú mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà títí dòní. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà ìsọjí náà. 1938 ló kú. Nínú ohun tó jóná ní Èkìtì ní 1930 àti 1931, ó dájú pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà wa kò lè ka ìtàn yìí láìmí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá iná náà kò rí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n láti ìgbà èwe ni wọ́n rí, wọ́n sì fẹ́ rí i kó di eérú.

Ìjọ CMS ní Èkìtì kò lè dákẹ́ mọ́. Henry Dallimore, àlùfáà òyìnbó tó ń gbé Adó, kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn Aládùúrà ní Èkìtì sínú ìwé ìròyìn ìjọ rẹ̀ ní 1931. Òun náà ló dá ilé ìwé Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933. Ìjọba náà ti ń fojú ṣọ́ Babalọlá, nítorí ẹni tó lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ láìná kọ́bọ̀ kì í ṣe ẹni tí aláṣẹ òyìnbó lè sùn lé lórí.

Ọ̀túò, ní agbègbè Bìní nígbà náà, ni wọ́n ti rí i mú ní 1932. Wọ́n fẹ̀sùn ọ̀rọ̀ àjẹ́ kàn án, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Bìní. Ibí ni èmi àti àwọn kan nínú CAC kì í ti í gbọ́ ara wa yé. Àwọn ní inúnibíni lásán ni. Èmi gbà pé ìjọba ń wá ọ̀nà àtimú un, ṣùgbọ́n pípe ènìyàn ní àjẹ́ ti ba ayé ìyá arúgbó jẹ́ ní ilẹ̀ wa, ó sì ṣì ń bà á jẹ́. Ẹni tó gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀rù igbó kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rù arúgbó rọ́pò rẹ̀. Èyí tí a kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán, ó jáde, ó sì mú agogo rẹ̀ padà.

Kí ìjọba lè fi wọ́n sílẹ̀, àwọn olórí ti ké sí ìjọ Apostolic Church ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òyìnbó ibẹ̀ sì ti gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1931. Ààbò ni wọ́n wá, ìjà ni wọ́n bá. Àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì sí ibà, àwọn Aládùúrà sì rò pé ẹni tó ń wàásù ìwòsàn kò gbọdọ̀ gbé òògùn sábẹ́ ìrọ̀rí. Láàárín 1939 sí 1941 ni ọ̀nà pín. Àwọn tó gbà pẹ̀lú Babalọlá, Akínyẹlé àti Odúbánjọ dá dúró, wọ́n sì fi orúkọ CAC sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ọ̀rọ̀ kuníìnì yìí le. Ó rọrùn fún wa tí a ní ilé ìwòsàn nítòsí láti bú wọn. Ó tún rọrùn láti yìn wọ́n tí a kò bá ka àwọn ọmọ tí ibà pa. Ṣùgbọ́n a kò lè pè wọ́n ní alágàbàgebè. Ohun tí wọ́n wí ni wọ́n fi ara wọn ṣe, èyí tí ìjọ oníoǹdè àtijọ́ kò lè ṣe.

Nígbà tí ipò dé, Akínyẹlé di Ààrẹ ìjọ, Odúbánjọ di Alábòójútó Àgbà. Babalọlá jẹ́ Ajíhìnrere Àgbà, kò sì jókòó sí ọ́fíìsì. Ní 1936 ó ti dé Kàlàbá, ó ti dé Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí.

Ẹdẹ ló wà ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1959 nígbà tó kú, ní ẹni ọdún 55. Ìjọ kọ́ ilé àdúrà sí ibi tí rólà ti dúró ní Ìkéjì-Arákéjì, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òkú rẹ̀ ni wọn kò gbé lọ sí Odò-Ọwá tàbí Iléṣà. Wọ́n gbé e gba ojú ọ̀nà Iléṣà wá sí Èkìtì, wọ́n sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tó fún un ní igbó.