Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt: Nọ́ọ̀sì Tí Kò Fi Owó Ra Ọlá

Nínú àwọn ọmọ tí a ń tọ́ níbí, kì í ṣe díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rere ni, a sì nílò rẹ̀ gidigidi ní etí òkun wa. Ìdí nìyí tí mo fi yàn láti sọ ìtàn ìgbésí-ayé Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátíróònù ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ọmọ Ìlàjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Síbẹ̀, ohun tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: pé kí ẹni tí a ń pè ní nọ́ọ̀sì jẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, ní ìmọ̀, ní ìwà, àti lójú òfin.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1915, nínú ìdílé Scott. Augustus Alfred Scott ni bàbá rẹ̀, Elizabeth Ọmọ́wùmí sì ni ìyá rẹ̀. Láti ìgbà èwe ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Kí ọmọ òde òní má ṣe yára dá bàbá náà lẹ́bi. Ní àkókò yẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ì tíì ní ìlànà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é ni wọ́n kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, nínú ilé-ìwòsàn ìjọba tàbí ti ìjọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ bá ṣe mọ̀ ọ́n. Òfin ọdún 1930 ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti mójú tó àwọn agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ní láti dúró títí di ọdún 1947 kí òfin tiwọn tó jáde.

Ọmọbìnrin náà gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ó lọ sí United Missionary College ní Ìbàdàn, ó sì di olùkọ́. Láti ọdún 1936 títí di 1940, ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní CMS Girls' School ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde. Ní ọdún 1941 ni ó wọlé ọkọ. Olú Pratt ni orúkọ ọkọ rẹ̀, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ apòògùn nígbà náà, tí ó sì di oníṣègùn lẹ́yìn-ọ̀-rẹ́yìn. Ọlọ́run fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Lójú ènìyàn, ọ̀nà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti dí pátápátá.

Ìrìn-àjò sí Ìlú Òyìnbó

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ilé-ìwòsàn St Bartholomew's ní London, Kòfowórọlá tẹ̀lé e ní ọdún 1946. Níbẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní ọdún 1860. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún; ó ti jẹ́ ìyàwó, ó ti jẹ́ ìyá, ó sì ti jẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó ti dúró níwájú kíláàsì tún padà jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin láti kọ́ bí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ti ń gbé póò aláìsàn, àti bí a ti ń wẹ ojú egbò.

Kò rọrùn fún un. Aláìsàn kan wà tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú má ṣe tọ́jú òun. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ènìyàn kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, ṣùgbọ́n kò padà. Ní ọdún 1948, ọdún kan náà tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo ará ìlú, ó yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Ó yege nínú èyí tí ó kẹ́yìn ní ọdún 1949, ó sì di nọ́ọ̀sì tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1950. Ó wà lára àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lábẹ́ ètò ìlera tuntun náà.

Àríyànjiyàn Tí Ó Ṣáájú Rẹ̀

Ìwé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì ṣe pàtàkì fún wa. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú ìgbà náà, àwọn obìnrin ńlá méjì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ethel Bedford Fenwick gbà pé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe òfin, kí ìdánwò kan náà wà fún gbogbo ènìyàn, kí orúkọ ẹni tí ó bá yege sì wà nínú ìwé ìjọba. Florence Nightingale lòdì sí i. Ó bẹ̀rù pé ìdánwò kò lè wọn ìwà, pé ẹni tí ó mọ ìwé lè gba orúkọ nọ́ọ̀sì láìní àánú lọ́kàn.

Àríyànjiyàn náà gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nightingale kú ní ọdún 1910. Ní ọdún 1919 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì; nígbà tí a sì ṣí ìwé náà, orúkọ Fenwick ni ó ṣáájú gbogbo orúkọ. Nínú àwọn obìnrin méjèèjì, ta ni ó jàre? Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni. Ìwé àṣẹ kò lè dípò ọkàn rere. Ṣùgbọ́n tálákà tí ó ń jẹ̀rora lórí ẹní kò ní ojú tí yóò fi wo ọkàn ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó lè pè.

Ohun tí ó wú mi lórí nípa Kòfowórọlá Pratt ni pé ó gba ogún àwọn méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ni ó ti kọ́ ìwà. Inú ìwé tí Fenwick jà fún ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ìpadàbọ̀ sí Nàìjíríà

Ó padà sílé ní ọdún 1954, ó sì wọ iṣẹ́ ní UCH ní Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi lélẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n di àwọn ipò gíga mú nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìwé rẹ̀ kò pé, nítorí ìwé kan náà ni òun àti àwọn ń gbé. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gòkè, láti wọ́ọ̀dù dé ọ́fíìsì, títí ó fi di mátíróònù ní ọdún 1964. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe olórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún gbogbo Nàìjíríà.

Kò jókòó lé ipò náà lásán. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965. Ó jẹ́ òpó nínú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì ṣe ìwé ìròyìn fún wọn, kí ẹni tí ó wà ní ìlú jíjìnnà lè máa mọ ohun tuntun nínú iṣẹ́. Ó di igbákejì ààrẹ àjọ àgbáyé fún àwọn nọ́ọ̀sì, àjọ tí Fenwick kan náà wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1899. Ní ọdún 1973, ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa àgbáyé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ó tún ṣe Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ọdún náà.

Òfin Tí Ó Dáàbò Bo Aláìsàn

Nígbà tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní London ni òfin ọdún 1947 jáde ní Nàìjíríà, tí a sì dá ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ní ọdún 1979, òfin ológun nọ́ńbà 89 pa ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹ̀bí pọ̀ di ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó wà títí di òní. Òun ni ó ń pinnu ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀; òun ni ó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ni; òun ni ó ń ṣe ìdánwò, tí ó sì ń tọ́jú ìwé orúkọ. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan láéláé. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ dọ̀tun, lẹ́yìn tí ó bá ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a là sílẹ̀. Bí ó bá hu ìwà tí kò yẹ, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ ṣe aláìsàn ní jàǹbá, a ó wádìí rẹ̀, a ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, a sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹni tí kò sí nínú ìwé tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ti rú òfin ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí a mọ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Fébé ń lọ sí Róòmù, Pọ́ọ̀lù kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn tí kò rí i rí lè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò tàbùkù Fébé láti gbé ẹ̀rí lọ. Àwọn tí wọ́n gbà á ni ẹ̀rí náà fi ọkàn wọn balẹ̀.

Ohun Tí Ìtàn Yìí Wí fún Àwa Ará Ìlàjẹ

Àwa tí ń gbé lórí omi mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí aboyún máa rọbí lóru nígbà tí ìjì ń jà, tí ọkọ̀ ojú omi kò sì lè gbéra. Láti Ayétòrò dé Igbókòdá kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ti lè gún abẹ́rẹ́, tí ó sì wọ aṣọ funfun, nọ́ọ̀sì ni a ń pè é. Àwọn kan tilẹ̀ ń gba ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n á ní kí ó fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn káńtà, wọ́n á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí kò dé ibì kankan.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní bí a bá ń dúró de ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ, àwa ni ikú yóò pa. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òfin kò ní kí aládùúgbò má ran aládùúgbò lọ́wọ́. Ará Samáríà rere kò gba ìwé àṣẹ kí ó tó di ọgbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé pàápàá ní ẹ̀kọ́ tiwọn àti ìwé orúkọ tiwọn lábẹ́ òfin, iṣẹ́ wọn sì níyì. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí a fi orúkọ tí a kò ní tan aláìsàn jẹ, kí a gún un ní abẹ́rẹ́ tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a sì dá a dúró títí ọkọ̀ tí ìbá gbé e lọ yóò fi kọjá. Nítorí pé ilé-ìwòsàn jìnnà sí wa gan-an ni àṣìṣe fi burú jù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó wà ní ìlú ńlá lè sáré gba ilé-ìwòsàn mìíràn lọ. Níbo ni tiwa?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ilé tí a kùn dáadáa ni ẹ ó wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí Ọlọ́run bùkún, bí ẹ bá ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ ràn án lọ́wọ́ títí dé òpin, kí ó má baà dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ọ̀nà bá dí lónìí, ẹ rántí pé ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé ni obìnrin yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Olóyè Pratt sinmi nínú Olúwa ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1992. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fún un rò ó. A kò fi owó ra ọlá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kí Ọlọ́run gbé irú rẹ̀ dìde láàárín wa, kí Ó sì dá àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lónìí padà wá sí etí omi yìí, pẹ̀lú ìwé tí ó pé àti ọkàn tí ó láàánú. Àmín.