Diana, ìyàwó ọmọ ọba tó bọ adẹ́tẹ̀ lọ́wọ́ ní Maiduguri

Lọ́dọ̀ wa n'Ìbàràpá, ọmọdé gan-an mọ̀ pé ọba kì í sunkún níta. Ìlẹ̀kẹ̀ iwájú adé ló ń bo ojú rẹ̀. Ààfin Ìlú Ọba náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi ìgbà tí Diana dé.

Ọdún 1961 ni wọ́n bí i, ó sì fẹ́ Charles ní 1981. Ní 1987, nígbà tí ẹ̀rù àrùn éèdì ń ba gbogbo ayé, ó bọ aláìsàn lọ́wọ́ n'ílé ìwòsàn Middlesex ní London, kò wọ ìbọ̀wọ́ rárá. Lóṣù kẹta 1990, òun àti ọkọ ẹ̀ wá sí Nàìjíríà. Ó dé Molai, lẹ́bàá Maiduguri, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀, ó sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò o! Èèyàn tí ẹbí ẹ̀ gan-an lè máà fẹ́ bá jẹun.

Àwọn kan ní ojú ayé ni, torí kámẹ́rà. Kámẹ́rà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló jẹ́ káyé rí i pé bíbọnilọ́wọ́ kì í ko ẹ̀tẹ̀ ranni.

Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní Paris ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1997, lẹ́ni ọdún 36. Àwọn ará London ń sunkún lójú títì, wọ́n sì ń bínú sí ọbabìnrin pé kò jáde wá bá wọn ṣọ̀fọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni Elizabeth tó sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.