Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Akẹ́kọ̀ọ́ Títí Di Ọjọ́ Alẹ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, bí ọkọ̀ bá gbé yín gba Lọ́kọ́ja nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé ọdún, ẹ ṣíjú wo odò Ọya. Ọmọ Yorùbá bíi tiyín ti gba ojú odò yìí lọ sókè, lọ sódò, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tòun ti Bíbélì àti ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Samuel Àjàyí Crowther ni. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Oyè yìí ni aráyé fi ń rántí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kíkọ́, tí kò jáwọ́ nínú rẹ̀ títí ó fi darúgbó, ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Ní 1821 ogun akónilẹ́rú wọ ìlú náà, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Láàárín oṣù mẹ́fà, Àjàyí ti mọ ìwé kà. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825; ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay; ní 1843 ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n jí i kúrò nílé, nítorí náà Yorùbá ọmọdé ni ó gbé lọ. Ẹni tí ó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti kọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì, ì bá gbéra ga pé èdè ìyá òun kò ṣòro fún òun. Àjàyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó jókòó ti àwọn àgbà tí kò mọ ìwé, àti àwọn Mùsùlùmí, àti àwọn àwòrò òrìṣà pàápàá. Ó ń tẹ́tí, ó ń kọ òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni ìwé tí àlùfáà yìí kà. Ó sì mọ ẹni tí àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta yìí náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, omijé ń bọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, òwe àti ọ̀rọ̀ tí ó fi etí ṣà jọ lẹ́nu àwọn àgbà, di eérú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó tún jókòó tì í. Ní 1884 ni ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá parí, òun sì ni òpómúléró iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn bíi Thomas King ràn án lọ́wọ́.

Yorùbá nìkan kọ́. Ó ti kọ́ Hausa nítorí ìrìn àjò odò Ọya ti 1841, tí ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ó tún bá Dókítà Baikie lọ ní 1854; kuiníìnì ni wọ́n lò, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ní 1857, ọdún tí òun àti J. C. Taylor dá iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Onitsha, ó tẹ ìwé ABD Igbo jáde. Ní 1864, ìwé gírámà Nupe. (Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìlú onílùú fún ogún ọdún tí ẹ kò tíì lè ná ọjà ní èdè wọn, ẹ má bínú sí mi.) Nígbà èwe rẹ̀ ní Sàró, ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn kíkankíkan. Ìrírí kọ́ ọ pé iyàn kì í so èso, ó sì yí ọwọ́ padà: bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, a ṣí Bíbélì, a fi ohun tí ó wà níbẹ̀ dáhùn pẹ̀lú sùúrù.

Kò wá oyè bíṣọ́ọ̀bù. Henry Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, tí wọ́n sì fi í jẹ ẹ́ ní Canterbury ní June 29, 1864. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan kò fẹ́ wà lábẹ́ adúláwọ̀, wọn kò fi àwọn ìjọ wọn ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù wà níwájú. Ní 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀. Baba náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ó ti lọ́ra jù láti bá àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ wí. Èyí kò jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní ojo kò wo ohun tí ó ṣe: ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì ti àwọn ìjọ Niger Delta lẹ́yìn kí wọ́n fi owó ara wọn dá dúró. Ó kú ní Èkó ní December 31, 1891. Ní 1892 àwọn ìjọ náà dá dúró, Dandeson sì ni olórí wọn.

Ní June 2014, nínú ìsìn ìdúpẹ́ ní Canterbury, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Justin Welby tọrọ ìdáríjì lórúkọ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ó ti lo ọdún 122 nínú ibojì.