Fẹlá Ṣówándé, Ẹnití Ó Mú Kí Dùùrù Sọ Èdè Yorùbá

Àwọn tí ó mọ dùùrù tẹ̀ nínú ìjọ wa kò pọ̀. Àwọn tí òkìkí wọn sì ti ipa dùùrù dé òkè òkun kò tó nǹkan. Aṣíwájú nínú wọn ni Fẹlá Ṣówándé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti ilẹ̀ kan náà tí Ọbáfẹ́mi wa yìí jẹ́ apá kan rẹ̀. Nítorínáà ó tọ́ kí ẹ̀nyin ará, pàápàá ẹ̀nyin olùkọ́ àti olórí akọrin, mọ ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1905 ni a bí i. Bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ àlùfáà, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ orin ìsìn ní ilẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ni inú orin ni ọmọ náà dàgbà sí. Ní Èkó ó lọ sí C.M.S. Grammar School àti King's College, ó sì wọ ẹgbẹ́ akọrin Katidrálì ti Krístì ní Marina. Ẹkúndayọ̀ Phillips ni atẹdùùrù àti olórí akọrin níbẹ̀, láti ọdún 1914 títí di 1962. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ṣówándé ti kọ́ dùùrù.

Ọ̀ràn kan wà tí Phillips kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn orin tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ń kọ sí ohùn òyìnbó, a máa lọ́ ọ̀rọ̀ wa po. Ohùn a gòkè níbití ọ̀rọ̀ yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀, tí ẹnití ó fẹ́ pe ọ̀run a sì dàbí ẹnití ń pe ọrùn. Phillips tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ó sì kọ orin ìsìn tí ó tẹ̀lé ohùn èdè wa. Irúgbìn yìí bọ́ sínú ọkàn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó so èso.

Ní nǹkan bí ọdún 1934 Ṣówándé wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó fẹ́ lọ kọ́. Orin ni ó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, nítorí ó mọ orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dáradára. Kò pẹ́ tí orin fi gba ipò iṣẹ́ ẹnjiníà pátápátá. Ní ọdún 1943 ó yege nínú ìdánwò tí ó ga jùlọ ní Royal College of Organists, tí ọ̀pọ̀ òyìnbó pàápàá ń bẹ̀rù. Láti ọdún 1945 dé 1952 òun ni atẹdùùrù àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni ó ti kọ African Suite fún àwọn olókùn tín-ín-rín, èyítí apá kan nínú rẹ̀, Akínlá, di orin tí a fi ń ṣí ètò kan lórí rédíò ilẹ̀ Kánádà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó padà sílé ní 1953 láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Ní 1957 ó lọ tẹ dùùrù fún àwọn ará New York, Boston àti Chicago. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a tẹ orin rẹ̀ kan jáde ní New York, tí a ń pè ní Ọ̀yígíyigì. Lórí orin yìí ni a fẹ́ dúró díẹ̀.

Ẹnití ó bá mọ kìkì dùùrù kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́, irú èyítí ó wà ní ọ̀pọ̀ ìjọ abúlé, kò lè tètè mọ bí iṣẹ́ yìí ti le tó. Ní ara dùùrù ńlá onífèrè, ọwọ́ méjèèjì a máa rìn lórí ìpele ju ẹyọ kan lọ; ẹsẹ̀ kì í sì fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n òun náà ń tẹ orin tirẹ̀, ní gìgísẹ̀ àti ní ọmọ-ìka. Ẹnìkan ṣoṣo ni yíò dá jókòó, tí a ó sì gbọ́ ohùn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀yígíyigì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́sọ. Lẹ́hìn náà ni orin ìbílẹ̀ Yorùbá náà jáde, kí etí lè dá a mọ̀. Lẹ́hìn èyí ni a wá ń yí i padà lóríṣiríṣi. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ Yorùbá tí ó mọ orin náà yíò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu, gẹ́gẹ́bí a ti ń gbọ́ ti dùndún. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí Ṣówándé sì kó ròde nìyí.

Àwọn kan lè bèèrè bóyá orin ìbílẹ̀ yẹ fún ilé Ọlọ́run. Wọ́n tilẹ̀ lè kọminú síi nígbàtí wọ́n bá gbọ́ pé ní Ìbàdàn ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀ràn Ifá, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀. Èsì tí àwa rí kò ju èyí lọ: Ọ̀yígíyigì jẹ́ oríkì Ẹlẹ́dàá, kò sì sí ìdí tí dùùrù fi lè yìn Ín ní ohùn Jámánì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má lè yìn Ín ní ohùn Yorùbá.

Fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960 ó kọ Folk Symphony. Ní 1968 ó tún sọdá sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olùkọ́ ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Níbẹ̀, ní Ravenna, ni ó kú sí ní ọjọ́ 13 oṣù March, 1987.

Títí di òní àwọn atẹdùùrù ń fi iṣẹ́ rẹ̀ dán ọwọ́ wọn wò ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ohun ìbànújẹ́ ni bí ó bá jẹ́ pé òkè òkun nìkan ni a ti ń gbọ́ orin tí a mú láti àgbàlá wa. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni ó lè ra dùùrù ńlá. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọ tí ó tálákà tó bẹ́ẹ̀ tí olórí akọrin rẹ̀ kò lè kọ́ àwọn ọmọdé ní orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu. Ibẹ̀ ni Phillips ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni Ṣówándé ti rí ọ̀nà.